Orogún Mi Létí Omi Aró

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn àgbà kì í sọ fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹ nífẹ̀ẹ́ sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé ẹnì kan máa wà níbi iṣẹ́ náà tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ, tí kò ní í làágùn kó tó mọ̀ ọ́n, àti pé ẹni yẹn gan-an ni ẹ máa bá jẹun, tí ẹ máa bá rìn, tí ẹ máa bá darúgbó. Tèmi ń jẹ́ Ráfátù.

Iṣẹ́ omi aró ni mo ṣe láti ìgbà ọmọge mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni, tó ń hun aṣọ tó sì ń pa á láró. Aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ rẹwà, àwọn òbí yín ti wọ irú rẹ̀. Omi tí wọ́n fi pa á láró ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Omi náà ń gbóná, sódà kún inú rẹ̀, ó lè pọ́n lónìí, kó dúdú lọ́la, kó di aláwọ̀ ewé lọ́tùnla, bí aṣọ tí ọjà bá ń fẹ́ bá ṣe rí. Tí a bá tú u sí kánáà tó ń gbé omi gba àdúgbò kọjá bẹ́ẹ̀, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ ló máa kú, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì gbé igi wá bá wa. Àwa la máa ń tọ́jú omi yẹn kó tó jáde.

Kì í ṣe oògùn la fi ń tọ́jú rẹ̀ o. Kòkòrò ni, àwọn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ẹrẹ̀ tó rí bíi kòkó tí wọn ò tíì da mílíìkì sí. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀rọ á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn láti ìsàlẹ̀, àwọn náà á máa jẹ sítáàṣì àti ìdọ̀tí tó wà nínú omi. Tí wọ́n bá yó, a óò pa ẹ̀rọ, ẹrẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó mọ́ á wà lókè. Ìyẹn la máa ń tú sí kánáà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tí àwọn kòkòrò yìí ń fẹ́ kí wọ́n tó kú, nítorí wọn kì í sunkún, wọn kì í sì í ké.

Owó rẹ̀ tó jẹ, kò tó ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ohun kan ni mo fẹ́ ju owó lọ: kí Ráfátù jowú mi, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ wá wo àyà tèmi.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wá. Tíṣà ni bàbá mi ní Yábàá, ilé wa wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọmọ Áńgílíkà tó mọ ìwé ni mo ka ara mi sí. Ráfátù ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Múṣin, ìyá rẹ̀ ń ṣe ògì tà. Ìwé kan náà la kà, ipò kan náà ni wọ́n fi wá sí, abẹ́ ọ̀gá kan náà ni. Mo wò ó látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún ara mi pé eléyìí ò lè yọ mí lẹ́nu.

Bàbá Olómi ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pe ọ̀gá wa. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ló ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú omi, kó tó wá sọ́dọ̀ àwọn aláró. Bàbá náà gbẹ, ó ga, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Òun ló lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní odò ẹran nígbà tí wọ́n kọ́ táǹkì náà, tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹrẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrẹ̀ yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tó bí.

Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, mo ti bu pọ́dà sọ́rùn, mo fi ìpara olóòórùn dídùn sára. Bàbá kò tíì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí i tán.

"Ìwọ, lọ fọ ọrùn ẹ. Imú wo lo fẹ́ fi gbọ́ òórùn omi?"

Mo fọ̀ ọ́. Ó tún ní kí n má jẹ àlùbọ́sà kí n tó wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ dé etí táǹkì. A kò gbọdọ̀ kí òun láàárọ̀ kí a tó kúnlẹ̀ létí táǹkì, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a bu ẹrẹ̀ sínú ìgò, kí a wò ó bó ṣe ń rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń béèrè.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo dáhùn pé, "Wọ́n wà dáadáa, sà."

"Mi ò ní kí o bá mi kí wọn. Mo ní kí ni wọ́n wí?"

Ó yíjú sí Ráfátù. Ìyẹn tún kúnlẹ̀, ó na ọrùn bí ẹyẹlé, ó ní, "Bàbá, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àmọ́ igun kan lọ́hùn-ún ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́."

Bàbá lọ sí igun náà. Páìpù afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ti dí. Ó padà wá, ó ní, "Ó ti ń gbọ́ wọn." Èmi ló wá ní kí n lọ fọ asẹ́, níbi tí fọ́nrán aṣọ àti òwú máa ń há sí. Mo fọ asẹ́ náà tán, mo tún un fọ̀, nítorí mi ò fẹ́ padà wá wo ojú Ráfátù. Ọjọ́ yẹn ni owú yìí wọ inú mi, kò sì jáde mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Ráfátù kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló burú. Ká ní ó ń yangàn ni, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Kì í yangàn. Ó máa ń pín mọ́ínmọ́ín rẹ̀ sí méjì, ó máa ń gbé ìdajì tó tóbi jù fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Bàbá pín táǹkì méjèèjì fún wa. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ti Ráfátù wà lábẹ́ igi ọ̀dán. Tiẹ̀ ni wọ́n ń tú omi sí láàárọ̀, tèmi ní ọ̀sán. Omi rẹ̀ ń mọ́ ju tèmi lọ. Bí a bá gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì, ẹ lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn tirẹ̀. Tèmi máa ń rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Mo lọ bá Bàbá. Mo ní, "Sà, ibòji igi yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́. Oòrùn ń pa tèmi."

Bàbá wò mí, kò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ pààrọ̀ láti òní lọ."

A pààrọ̀, táǹkì pẹ̀lú wákàtí omi rẹ̀. Ọ̀sán wá di ti Ráfátù, àárọ̀ di tèmi, igi ọ̀dán di tèmi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, táǹkì ẹ̀gbẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara, tèmi tó wà lábẹ́ ibòji wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí omi ìrẹsì. Bàbá kàn ń gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì lójoojúmọ́, ó ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà tó ń dà sínú táǹkì náà. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, mo ń yọjú. Ohun tí mo rí ni pé Ráfátù dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e lórí, ó ń wo ìfófòó orí omi. Ó kàn ń wò ó ni. Ó wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí níbi tí mo dúró sí. Mo lọ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi náà, mo dojú rẹ̀ dé, mo jókòó. Lójú tèmi, ìfófòó ni ìfófòó.

Ohun kan tí àwọn ará ìta kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni ọjọ́ ìsinmi. Tí ilé-iṣẹ́ bá tì, omi aró ò wá mọ́, ebi á sì máa pa àwọn kòkòrò. Bí a bá fi ebi pa wọ́n ní gbogbo àsìkò ọdún, ìgbà tí aró bá tún dé, wọn ò ní lè jẹ ẹ́. Nítorí náà, a máa ń bọ́ wọn. Omidùn ògì ni Bàbá ní ká máa fi bọ́ wọn, pẹ̀lú ajílẹ̀ díẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá Ráfátù la sì ti ń gbé omidùn náà wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Àdéhùn wa ni pé bí ó bá di Iléyá, èmi ni mo máa bọ́ táǹkì méjèèjì. Bí ó bá di Kérésìmesì, Ráfátù ni.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ dé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ tuntun pẹ̀lú bàtà gogoro. Àlùfáà ń wàásù nípa àwọn amòye tó rìn wá láti ìlà-oòrùn, ọkàn tèmi ń rìn lọ sí Ìlúpéjú. Mo ń rí Ráfátù ní òun nìkan pẹ̀lú táǹkì mi. Mo ní ta ló mọ ohun tó máa ṣe sí i. Kí wọ́n tó gba ọrẹ, mo ti yọ́ jáde. Màmá mi ń wò mí bí ẹni pé inú ló ń run mí.

Mo bá a níbẹ̀ tó ń fi igbá bu omidùn.

"Bọ́sẹ̀, ṣé kò sí o? Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá o. Mo kàn ní kí n yà."

"Pẹ̀lú bàtà yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O dẹ̀ ti wá náà, bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sún mọ́bí. Tìẹ ni mo kọ́kọ́ bọ́ o. Ó dà bíi pé wọ́n ti rù díẹ̀."

Tèmi ló kọ́kọ́ bọ́, ó sì bọ́ ọ dáadáa, mo wo igbá rẹ̀. Ká ní mo bá a níbi tó ti ń ṣìkà ni, inú mi ì bá dùn, mo ṣe tán láti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dárí jì í. Mo bá a gbé kẹ́ẹ̀gì. Bàtà mi bàjẹ́. Ó wá fún mi ní èkọ tí ìyá rẹ̀ dì fún un pé kí ó jẹ lọ́sàn-án, mo jẹ ẹ́, ó dùn, ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó le jù lọ tó dé bá wa, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń sọ aṣọ di funfun ló ti wá. Bílíìṣì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní háípò. Tí wọ́n bá fẹ́ da èyí tó ṣẹ́kù nù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa, ká lè dá a dúró níta títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ohun tó ń pa kòkòrò inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, ṣé ó máa wá mọ̀ pé àwọn kòkòrò tiwa ń ṣiṣẹ́ gidi? Ọ̀gá tuntun kan dé ẹ̀ka yẹn, kò tíì mọ òfin, ó ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Àárọ̀ ni, àárọ̀ sì ni tèmi ń gba omi.

Òórùn háípò gbá mi nímú láti ẹnu ọ̀nà. Mo sáré lọ yí fáàfù pa, ṣùgbọ́n ó ti wọlé. Lójú mi báyìí ni ẹrẹ̀ tó rí bíi kòkó di eérú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti léfòó sójú omi, ó ń rùn bí òkú eku. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bàbá dúró tì mí, kò sọ pé kí n dákẹ́.

Ẹ wò ó, ní àárín ẹkún yẹn náà, ohun tí mo ń rò ni pé, ká ní mi ò lọ ráhùn débi tí a fi pààrọ̀ táǹkì ni, tèmi ni ì bá wà láàyè báyìí. Táǹkì Ráfátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń hó wùrùwùrù, kò mọ nǹkan kan.

Táǹkì kan kò lè gba gbogbo omi ilé-iṣẹ́. Àwọn ará ìjọba tó ń mójú tó àyíká ti ń bọ̀ wá wo kánáà, máníjà sì ti sọ pé bí wọ́n bá bá omi pupa níbẹ̀, wọ́n máa ti gètì, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n lọ sí odò ẹran lọ kó ìgbẹ́ màlúù, kí n fi bẹ̀rẹ̀ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbẹ́ màlúù máa ṣe é, àmọ́ ó máa pẹ́. Ṣé o máa ní kí ìjọba dúró dè ẹ́ ni? Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ tọrọ ẹrẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì ẹ."

"Sà, ẹ bá mi sọ fún un."

"Rárá. O mọ òfin."

Òfin Bàbá ni pé ẹni tó ni táǹkì ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹrẹ̀. A kì í ránni, a kì í sì í bù ú láìtọrọ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tọrọ iná nílé aládùúgbò láyé àtijọ́ nìyẹn, àti pé ẹni tó bá tijú á jẹ iṣu tútù. Mo rìn láti abẹ́ igi ọ̀dán dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀nà náà kò jìn, àmọ́ mi ò tíì rin ọ̀nà tó le tó o láyé mi.

"Ráfátù."

"Kí ló dé?"

"Ẹrẹ̀ ni mo wá tọrọ."

"Báwo lo ṣe fẹ́ ẹ tó?"

"Díẹ̀ náà ti tó."

"Díẹ̀ kẹ̀? Wọn ò ní lè dá ilé yẹn gbé. Kó ìdajì."

Ó ti ń na ọ́ọ̀sì tí a fi ń fa ẹrẹ̀ kí n tó dáhùn. Ìdajì, ẹ gbọ́ mi. Omi tirẹ̀ dàrú fún ìgbà díẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ló fà á. Nígbà tí àwọn ará ìjọba fi máa dé, táǹkì méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n lọ.

Láti ìgbà yẹn, omi tèmi mọ́ bí tirẹ̀. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn. Àmọ́ ní káńtínnì, "Ọmọ Ráfátù" ni wọ́n ń pe táǹkì mi. Wọ́n á ní, "Bọ́sẹ̀, ọmọ Ráfátù ńkọ́?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín fún wọn. Orogún mi ló bí ọmọ, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n kiri.

Ó wá di àsìkò tí Bàbá Olómi máa fẹ̀yìn tì. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló máa gba ipò rẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ ẹni tó máa jẹ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ti ń wá iṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé mi ò ní lè máa pe Ráfátù ní ọ̀gá. Bàbá pè wá síta níwájú máníjà, ó ní, "Bọ́sẹ̀ ni ó máa wo omi lẹ́yìn mi." Ó tán.

Mo tẹ̀ lé e dé ibi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Ó ń di bàtà rẹ̀ mọ́ inú ìwé ìròyìn. Ó ní, "O ò tíì fi ojú kúrò lára omi ẹlòmíì láti ìgbà tí o ti dé ibí. Ẹni tó bá máa jẹ́ olórí, omi gbogbo ló máa wò. Owú ẹ yẹn, lọ fi ṣiṣẹ́."

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tó ní ká pààrọ̀ táǹkì ló ti mọ̀. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mo sáré lọ wá Ráfátù, kì í ṣe láti tù ú nínú o, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò. Mo wá owú nínú ojú yẹn bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú ìyẹ̀pẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá Bọ́sẹ̀, ẹ kú oríire." Ní ọjọ́ kejì ó gbé odidi abọ́ mọ́ínmọ́ín wá fún gbogbo ẹ̀ka nítorí tèmi.

Mo sọ fún ara mi pé ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo ní kò sí bí ẹni tó mọ omi tó báyìí á ṣe rí ipò náà lọ́wọ́ mi tí inú rẹ̀ kò ní í ta. Mo gba èyí gbọ́ gidigidi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ olórí, tí àwọn ọ̀gá bá bú mi nítorí owó dísù ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, tí iná ìjọba bá lọ tí ara mi ò balẹ̀ nítorí àwọn kòkòrò tí kò rí èémí, mo máa ń rántí pé Ráfátù ń jowú mi níbì kan nínú ọkàn rẹ̀. Mo máa ń rí agbára gbà níbẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ náà dáadáa o, mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ bò ó. Bébà tí a ń kì bọ omi láti mọ bí sódà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ iye rẹ̀ jáde dé. A ra awò tó ń sọ kékeré di ńlá, a sì rí àwọn kòkòrò wa lójúkojú, àwọn kan nínú wọn dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó, wọ́n ń la ẹnu. Ráfátù wò wọ́n, ó ní bí òun ṣe rò pé wọ́n rí náà nìyẹn. Mo gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Ráfátù fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ wà ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn obìnrin ilé náà ń pa àdìrẹ láró ní àgbàlá, omi aró wọn sì ń ṣàn lọ sí gọ́tà àdúgbò. Ó fẹ́ fi dúrọ́ọ̀mù ṣe irú èyí tí a ń ṣe ní Ìlúpéjú, ní kékeré. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó tọrọ rẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀. Mo fún un, mo sì ń retí kí ó dùn ún pé òun ń tọrọ. Kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, wọ́n gba ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, tó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ki ohun kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ bọ inú táǹkì, ó so ó mọ́ fóònù. Èmi wà létí omi tí mo ń gbóòórùn, òun á pè mí láti ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè pé, "Mọ́mì, afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀ ní igun kejì o." Òótọ́ ló máa ń sọ. Ọmọ náà mọṣẹ́, kì í sì í rí mi fín. Mo jowú òun náà, mo jowú fóònù rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi fífọ asẹ́ kọ́ mi, ó ń wò ó lórí àga.

Nígbà tó yá, aṣọ òkèèrè àti owó dísù pa ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fa omi inú àwọn táǹkì gbẹ, ẹrẹ̀ tí Bàbá Olómi bẹ̀rẹ̀ gbẹ di erùpẹ̀, ibẹ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Mo fẹ̀yìn tì wálé. Mo wá ń gbọ́ pé àwọn ọmọ yunifásítì ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta lọ ya fọ́tò dúrọ́ọ̀mù Ráfátù, pé omi tó ń jáde níbẹ̀ mọ́ débi pé àwọn obìnrin náà tún ń fi ṣan aṣọ. Èmi tí mo wo omi odidi ilé-iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò wá ya fọ́tò mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i. Orúnkún ń dùn ún, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí ní àgbàlá, àwọn obìnrin ilé ń sá aṣọ. A sọ̀rọ̀ Bàbá, a sọ̀rọ̀ ọ̀gá oníbílíìṣì, a rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé a ti darúgbó, mo sì ní bí mi ò bá béèrè lónìí, ó lè má sí ọjọ́ mìíràn.

"Ráfátù, jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan. Nígbà tí Bàbá fi mí ṣe olórí, ṣé o jowú mi? Má tàn mí."

Ó ronú díẹ̀, àfi bí ẹni pé mo bi í pé èló ni wọ́n ń ta gààrí nígbà yẹn.

"Jowú kẹ̀? Bọ́sẹ̀, èmi mo ní kí wọ́n gbé e fún ẹ."

"Kí lo wí?"

"Èmi ni Bàbá kọ́kọ́ fi lọ̀. Mo ní ó tì o, mítìn-ín àti wàhálà àwọn ọ̀gá yẹn, mi ò lè ṣe é. Mo ní Bọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún, òun ló ń wù. Mo rò pé Bàbá sọ fún ẹ ni."

"Kò sọ fún mi."

"Ó dáa náà. Ṣé o ò dẹ̀ ṣe é dáadáa ni? Èmi ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ láéláé." Ó yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ó ní kí ó bá òun rọra ju aṣọ yẹn sókè kó má baà wọ́ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti tán lójú tirẹ̀. Èmi jókòó síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa kó ọwọ́ mi sí. Kì í ṣe pé ó gba oyè náà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi dì mú, wọ́n gbé e lé Ráfátù lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀, ó gbàgbé pé òun gbé e rí. Òjòwú tí mo ti ń bá gbé láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń tìtorí rẹ̀ jí ní kùtùkùtù, kò sí níbẹ̀ rárá. Èmi nìkan ni mo wà nínú ìjà náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ omi dára, ó dára, aró ò ní tán láyé, ẹ wá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí bóyá owú mi ti rọlẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé èèyàn lè fi irú ọkàn Ráfátù yẹn gbé ayé, kí ó sì sùn dáadáa, ọkàn náà ni mo tún ń jowú báyìí.